Àlàfo Kì í Ṣe Òdo

Ní Èjìnrìn, bàbá mi ni ó ń wọn òjò.
Ọ̀gá ilé-ìwé kan ló gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́,
ó fún un ní ìgò tí wọ́n fàlà sí lára àti ìwé ẹlẹ́yìn líle,
ó sì kú kó tó padà wá bèèrè pé báwo ni iṣẹ́.
Bàbá mi kò dáwọ́ dúró.

Láràárọ̀, agogo mẹ́sàn-án,
á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà,
á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di ojú kan,
á wo ìlà tí omi dé, á sì kọ ọ́.
Mílímítà méjìlá. Mẹ́ta. Òdo.
Òdo. Òdo. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta:
ọjọ́ yẹn igi ìdáná tutù rin gbingbin,
ìyá mi ta ẹja tútù ní iye tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún. Ìwé mẹ́rin.
Òórùn èéfín ẹja wà lára wọn títí dòní.

Ní báyìí, fóònù ni ó ń sọ òjò fún wa.
Ohùn obìnrin ni. Yorùbá rẹ̀ já gaara,
bí ẹni tí kò jẹ ata rí:
"Ẹ̀yin apẹja, ẹ má wọ ọ̀sà lẹ́yìn agogo mẹ́rin."
Nọ́jímù gbọ́, ó fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè. A fi í ṣẹ̀sín.
Oòrùn ń ràn, omi dákẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Kí agogo márùn-ún tó lù
ìjì ti gbé páànù ilé-kéú sínú ọ̀sà.
Láti ìgbà náà, àwọn ọkùnrin wa
kì í wo ojú sánmà mọ́ kí wọ́n tó wo àtẹ́lẹwọ́.
Àgbà tó ń fi imú mọ afẹ́fẹ́
jókòó sídìí àgbọn, ó ń bi ọmọ-ọmọ rẹ̀
bóyá bátìrì ṣì kù.

Fọlárìn wá láti Yàbá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó ní:
"Ìyá, òjò òkèèrè ni wọ́n fi bọ́ ẹ̀rọ yìí dàgbà.
Tilé ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ó tọ́ tiyín wò."
Mo tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì ẹja.
Ó ya wọ́n ní fọ́tò, ojú-ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn,
ó rọra ń fẹ́ ìpẹ́ kúrò lórí wọn.

Ó padà wá fi hàn mí: òjò bàbá mi, ìlà lórí ìlà.
Inú mi dùn, n kò ní parọ́.
Ọkùnrin tí kò kọjá Ìjẹ̀bú-Òde rí
wà láàárín àwọn òjò ayé.

Mo ní kó ṣí oṣù kẹfà, ọdún tí Wàídì lọ.
Òdo.
Òdo. Òdo. Òdo. Ó tò wọ́n dé ọjọ́ kọkànlélógún.

Òdo kẹ̀?
Ọ̀sẹ̀ yẹn ni omi wọ yàrá, tí àwo ń léfòó,
tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé dojú dé,
tí wọ́n rí bàtà kan, tí wọn kò rí èkejì.
Bàbá mi kò yéé lọ sọ́gbà. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé.
Á bọ́ bàtà. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Á da omi nù láì kà á.
Ojú-ìwé funfun ló fi sílẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Ẹ̀rọ ti gbà pé ọ̀dá la ní.

Mo ní, "Fọlárìn, àlàfo kì í ṣe òdo."
Ó ní ẹ̀rọ kò lè jẹ òfìfo, nọ́ńbà ló mọ̀.
Mo ní kó kọ́ ọ. Ọmọ tó bá mọ̀rọ̀ sọ
gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́.
Òun náà dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa òdo rẹ́,
lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ohun tó fi rọ́pò wọn.

Lálẹ́ àná ohùn obìnrin náà ní kò ní sí òjò.
Mo gbà á gbọ́.
Mo ṣáà kó igi wọlé.